Ìwé Àlòkù Nígbà Kérésì: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Owó Tó Jáde Lápò

Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ ń rà, kì í ṣe orúkọ ìwé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ṣòfò nìyẹn nígbà tí Kérésì bá ń bọ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń dárúkọ ìwé tó dùn fún ara wọn lórí WhatsApp, tí kálukú wá gba Yábàá tàbí abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà lọ. Ìwé tí gbogbo ayé ń yìn lè já yín kulẹ̀ pátápátá, kó jẹ́ pé ẹ̀dà tiyín ló lábùkù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá sí nǹkan bí ogúnjọ́ ni ọjà yìí dára jù. Àwọn òǹtàwé ń wá owó ọkọ̀ ilé àti owó ọdún, wọ́n sì fẹ́ dín ìwé ìtàn kù kí àyè lè wà fún ìwé iléèwé tí àwọn òbí máa wá rà ní oṣù Kìíní. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kẹtàlélógún á bá ọ̀pọ̀ tábìlì tí wọ́n ti fi tapólì bò. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀ lábẹ́ afárá, tó bá sì ti di ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín bébà tó gbó lásán àti èyí tó ti bu. Ẹ mú àkísà gbígbẹ dání, àti owó kéékèèké, torí ṣéńjì máa ń ba ìdúnàádúrà jẹ́.

Ojú ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ilé ìtẹ̀wé kì í tẹ ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n á ká a di ìdì kékeré tó ní ojú ìwé 16 tàbí 32, tí wọ́n á wá to àwọn ìdì náà léra, kí wọ́n tó fi gúlú tàbí okùn dè wọ́n pọ̀. Nítorí náà, bí àṣìṣe bá ti iléeṣẹ́ wá, odidi ìdì ló sábà máa ń sọnù, tàbí kí ìdì kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí ó gba ipò èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ ò nílò láti ka gbogbo nọ́ńbà. Ẹ wá ojú ìwé 10, 20, 30, 40, bẹ́ẹ̀ lọ dé òpin. Kò sí bí ìdì 16 ṣe lè sọnù tí kò ní mú ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn lọ. Bí ẹ bá rí 70 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dá ìwé náà padà, bó ti wù kó mọ́ tó.

Èyí tí ọwọ́ èèyàn fà ya yàtọ̀ sí ìyẹn. Ewé kan ṣoṣo ni, ìparí ìwé ló sì sábà ń wà. Ẹ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn: ṣé ó parí lóòótọ́, àbí ó kàn dúró sáàárín ọ̀rọ̀? Ẹ la ìwé náà díẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ìyókù bébà tó ya ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gúlú. Ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ gúlú tó ti pẹ́, ṣe ló máa ń gbẹ tí á sì máa sán. Ẹ ṣí ìwé náà láàárín, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fetí sí i. Bó bá dún páù, ewé rẹ̀ máa tó máa já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí okùn láàárín ìdì, rírán ni wọ́n rán an. Bí owó wọn bá dọ́gba, èyí tí wọ́n rán ni kí ẹ mú.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má tijú, àwọn òǹtàwé fúnra wọn mọ̀ pé oníbàárà tó gbọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin Èkó pọ̀, bí ìwé bá sì ti bu, ẹ máa rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun ní etí rẹ̀. Irú ìyẹn máa ń ran àwọn ìwé yòókù tó wà nílé, ẹ má gbé e. Àmì pupa rúsúrúsú kéékèèké lójú bébà kò burú, ọjọ́ orí ló sábà ń fà á. Bó bá jẹ́ ihò kòkòrò, ẹ gbọn ìwé náà sórí àtẹ́lẹwọ́: bí lẹ́búlẹ́bú bá dà sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ṣì wà láàyè. Bí ìwé náà bá ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ so ó pinpin, kí ẹ gbé e sínú firísà tó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi lè dà sára ọ̀rá dípò ara bébà. Iná gbọ́dọ̀ dúró o. Bí firísà bá yọ́ láàárín ìgbà náà, ẹ tún ka ọ̀sẹ̀ méjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iná àdúgbò rẹ̀ bá rí bí a ṣe mọ̀ ọ́n, kó kúkú fi ìwé oníkòkòrò sílẹ̀ fún òǹtàwé.

Ìwé ayédèrú ló ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ jù, torí tuntun ló jọ. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni kí ẹ fura sí jù. Wọ́n ti ya fọ́tò ìwé gidi kí wọ́n tó tún un tẹ̀, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ á sanra, inú "e" àti "a" á ti dí. Nínú ìwé Yorùbá, ẹsẹ̀ "ẹ" àti "ọ" ni ẹ máa kọ́kọ́ wò: àmì náà á ti parẹ́ tàbí kó di àbàwọ́n. Àwòrán ẹ̀yìn ìwé á ṣe bàìbàì, ìlà á sì dagun sápá kan. Ẹ fi ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, wá ìwé náà lórí fóònù, kí ẹ fi iye ojú ìwé tí ẹ bá rí wé ti ọwọ́ yín. Nọ́ńbà náà nìkan kò tó, torí onígbàrọ̀gùdù náà mọ̀ ọ́n dà kọ. ISBN onínọ́ńbà mẹ́tàlá tí wọ́n fún àwọn òǹtẹ̀wé Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, ìyẹn kì í ṣe àṣìtẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni ISBN ní kó tó di 2007, mẹ́tàlá ló ní báyìí.

Ẹ má sì fi "aiye" àti "enia" pe ìwé àtijọ́ ní ayédèrú. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló sọ wọ́n di "ayé" àti "ènìyàn".

Ẹ wo ojú ìwé àkọlé àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bóyá wọ́n gé ìtàn náà kúrú, bóyá apá kejì ni, tàbí bóyá ó ti ní orúkọ mìíràn rí ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti ra ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀.

Owó wá kù. Ẹ má di èyí tí ẹ fẹ́ràn jù mú nígbà tí ẹ bá ń ná an. Ẹ kó mẹ́rin jọ, kí ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 3,000 náírà, ẹ bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti 6,000, kí ẹ má sì kọjá 8,000. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe é, ọdún ti dé" ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí èèpo ẹ̀yìn bá ti ya, ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá pe ọjà ọlọ́jà ní pàǹtírí kì í rí ẹ̀dínwó gbà.

Bí ẹ bá ń ròyìn ohun tí ẹ rà fún àwọn ọ̀rẹ́, ẹ fi fọ́tò èèpo ìwé àti ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé ránṣẹ́, kí ẹ sọ iye tí ẹ rà á àti ibi tí ẹ ti rà á. Bí ìwé náà kò bá dùn, ẹ sọ ojú ìwé tí ẹ bá a dé kí ẹ tó jù ú sílẹ̀, àti ohun tó sú yín: ṣé ìtàn ló ń wọ́, àbí lẹ́tà ló kéré jù? Ti àkọ́kọ́ kan òǹkọ̀wé, èkejì kan ẹ̀dà yín nìkan. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ àbùkù rẹ̀ sí inú èèpo iwájú, bíi "ojú ìwé 97 sí 112 kò sí". Ẹ má lo báírò, ó máa ń là sí ẹ̀yìn bébà.