Bí a ṣe lè mú ilé kòkòrò sányán kúrò lórí igi ẹ̀yìnkùlé

Lásìkò òjò, láti nǹkan bí oṣù keje lọ, ẹni tí igi arère tàbí igi ìrà bá wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Iléṣà lè ṣàdédé rí i pé ewé igi náà ti ń tán lọ, àti pé nǹkan kan bí àpò, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé gbígbẹ, ti so mọ́ ẹ̀ka. Ilé kòkòrò sányán ni. Ọ̀pọ̀ kòkòrò onírun ló pawọ́ pọ̀ hun ún, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò sì wà títí wọn yóò fi di afòpiná. Òwú ilé yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ń fi omi eérú sè kí wọ́n tó ran án, tí àwọn ahunṣọ sì ń fi hun aṣọ sányán, nítorí náà n kò gbà pé ohun ìkórìíra ni. Bí ó bá jìnnà sí ilé, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá wà lókè ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré tàbí ibi tí a ń sá aṣọ sí ni ó yẹ kí a mú un kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí ewé tútù tí a fi òwú funfun lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí eèrà pupa sì ń rìn lórí rẹ̀, ilé eèrà ni. Ẹ má ṣe bà á jẹ́, nítorí eèrà wọ̀nyí ń pa kòkòrò mìíràn tí ń ba igi jẹ́.

Irun ara kòkòrò sányán ni ewu tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ó kéré, ó sì máa ń já bọ́ sínú ilé wọn, débi pé ilé tí kò ní kòkòrò kankan mọ́ ṣì lè mú ara yún ènìyàn bí ẹni tó fara kan wèrèpè. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àṣà kí a so ògùṣọ̀ mọ́ ọ̀pá kí a sì tiná bọ ilé náà. Ní ọgbà tí mo ti gbé rí, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Irun náà bá èéfín lọ, àwọn ọmọ ilé kejì ni wọ́n sì fi ọrùn wíwú àti ojú pípọ́n sùn lálẹ́. Iná tún máa ń jó èèpo igi, ọgbẹ́ rẹ̀ a sì burú ju ewé tí kòkòrò jẹ lọ, nítorí igi tó lágbára yóò tún rúwé. Oògùn apakòkòrò olómi kò sàn jù ú lọ: kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé tó nípọn náà, ṣùgbọ́n ó ń kán sórí adìyẹ, sínú kànga àti sórí ẹ̀fọ́.

Ẹ yan òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti awò ojú, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ wọlé. Ẹ fi ẹ̀rọ ìfínko tí a ti fọ̀ dáadáa fín omi ọṣẹ sí ilé náà títí yóò fi rin gbingbin, nítorí irun tó tutù kì í fò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ̀pá gígùn tí a fi ń ká kòkó gé ẹ̀ka kékeré tí ó so mọ́, ẹ má sì ṣe dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí igi bá ga ju ọ̀pá lọ, ẹ pe ẹni tí igi gígun jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi igi gbé ilé náà sínú garawa omi ọṣẹ, kí ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún, kí ẹ sì sin ín.

Ẹ fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́tọ̀. Bí irun bá bà yín lára, ẹ má ṣe họ ọ́; ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀, ẹ ṣí i kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wọ ojú, tàbí tí èémí ń há, ilé ìwòsàn ló kàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ yan kòkòrò náà jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Láti ọdún 1958 ni àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àìsàn gbígbọ̀n kan nílẹ̀ wa tó máa ń jà lásìkò òjò, nígbà tó sì di ọdún 1993, dókítà Adámọlẹ́kún so irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́ jíjẹ kòkòrò yìí. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, iná kì í sì tètè pa èròjà náà. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju ẹ̀bà àti fùfú lọ ni àìsàn náà máa ń tètè mú. Bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá ń bì, tí ó ń gbọ̀n, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó ti ń rìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé kòkòrò sányán ni ó jẹ, nítorí fítámì B1 ni wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀.