Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ẹ́ńsáìmù bakitéríà sọ sítáàṣì pákí di ṣúgà olórùka

Sítáàṣì inú pákí, ṣúgà kéékèèké tó ń jẹ́ glukose ló so mọ́ra wọn gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń mú kí nǹkan yí padà kíákíá) wà tó ń jẹ́ CGTase, bakitéríà bíi Paenibacillus macerans (Bacillus macerans ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀) àti Bacillus circulans ló ń ṣe é, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gé okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, kó sì so orí ẹ̀ mọ́ ìdí, ó di òrùka nìyẹn. Cyclodextrin lorúkọ òrùka náà: oní-glukose 6 ni alpha, oní-7 ni beta, oní-8 ni gamma. Beta la fẹ́ ṣe, òun ló rọrùn jù láti yọ.

Ẹ po 5 gíráàmù sítáàṣì tó mọ́ sínú 100 mililita buffer pH 6 (omi tí kì í jẹ́ kí ìkan rẹ̀ yí padà), ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí á fi dán bíi sítáàṣì aṣọ, kó má ní kókó o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ rèé: wọ́n á rí i pé ó ki, wọ́n á da amylase, ẹ́ńsáìmù mìíì tó ń gé sítáàṣì, sí i kó lè ṣàn, wọ́n á wá fi sílẹ̀ pẹ́. Amylase á já okùn yẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èyí tó bá sì ti kúrú jù ò ṣeé ká mọ́, maltose, ṣúgà oní-glukose méjì, lẹ máa kó nílẹ̀. Èmi ò kì í lò ó rárá, tó bá ki jù, mo máa ń dín sítáàṣì kù ni.

Ẹ jẹ́ kó tutù dé bíi 50°C kẹ́ ẹ tó fi CGTase sí i, tó bá ṣì ń hó ẹ ti pa á nìyẹn. Ẹ fi calcium chloride bíńtín àti 10 mililita ethanol kún un, beta á pọ̀ sí i. Toluene, kẹ́míkà olómi kan, náà ń fa beta jáde dáadáa àmọ́ májèlé ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ dé e, ẹ fi sínú omi tó ń móoru bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bó bá ti ṣe, ẹ kán díẹ̀ sínú phenolphthalein (aró ìdánwò kan) tó ti pọ́n nínú sodium carbonate. Bí àwọ̀ yẹn bá ṣí, beta ti wà níbẹ̀, inú òrùka ni phenolphthalein wọ̀ lọ.

Ẹ wá sè é fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ́ńsáìmù kú (ethanol ń gbiná, ẹ má lo iná tó ń jó), ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbẹ omi ẹ̀ dé bíi 30 mililita, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Ní 25°C, lítà omi kan ò lè gbà ju bíi 18 gíráàmù beta lọ, alpha lè tó 145, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé beta ló máa kọ́kọ́ dì sílẹ̀ funfun. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ ṣàn án, ẹ sá a. Omi tó kù, ẹ má dà á nù o, alpha àti gamma ṣì wà níbẹ̀.