Ẹ bèèrè GCC kí ẹ tó bèèrè owó

Ẹ̀yin ọmọ Kétu tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai àti Abu Dhabi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ́tò àlòkù kan ṣoṣo, tí yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́, tí yóò sì máa fi ṣeré lórí iyanrìn lópin ọ̀sẹ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè bóyá GCC ni. GCC ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Gulf; mọ́tò tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ooru ilẹ̀ Lárúbáwá. Radiétọ̀ àti AC rẹ̀ sábà máa ń lágbára ju ti mọ́tò ilẹ̀ òtútù lọ. Ooru ibẹ̀ lè kọjá 45°C, ẹ̀ẹ̀rùn Kétu ò tó o rárá! Ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti AC, kí mọ́tò dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú 20. Bí atẹ́gùn rẹ̀ bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí abẹ́rẹ́ ooru ń gòkè, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà tí wọ́n kọ DOT sí ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Oòrùn ń gbẹ rọ́bà, kódà bí ojú táyà ṣì dára. Ti iyanrìn, 4x4 ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má gba òmíràn. Àmọ́ GCC ò ní kí mọ́tò má ti forí sọ nǹkan rí o. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tiyín wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.