Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ ara mi wá ṣọ́ọ̀bù mi rí lórí máàpù

₦7,000 ni mo san fún ráídà méjì lọ́jọ́ Sátidé kan, kò sì sí èyí tó gbé ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi nínú wọn. Aṣọ ẹbí ni ẹrù náà, ìdì mẹ́rìnlá, télọ̀ sì ti jókòó dè é ní Sùúrùlérè. Ráídà àkọ́kọ́ pè mí pé òun ti dé. Mo bọ́ síta, mi ò rí i. Ó ní òun wà ní òdìkejì títì Nnamdi Azikiwe, níbi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò. Mo ní, "Ọmọ mi, máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, kò jìnnà." Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Tí mo bá kúrò lójú ibi tí wọ́n fi hàn mí yìí, áàpù ò ní jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ pé mo ti dé."

Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi sí i. Ẹ mọ Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé, alábàárù ń ké "Àgò o! Àgò lọ́nà!" lẹ́yìn ẹni, ẹsẹ̀ ò ráyè tẹ ilẹ̀. Kí ọmọ náà tó la èrò já, àkókò ìdúró ti pé, wọ́n ti fagi lé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti yọ ₦3,500 lórí owó mi. Mo pe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òun náà lọ dúró síbi ìkòkò. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìdì lórí lọ́tẹ̀ yìí, mo dé ibẹ̀ tòógùn-tòógùn, ó ti lọ. Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́rin nìyẹn, tí mo wọ ọkọ̀ gba orí Afárá Èkó lọ gbé aṣọ aláṣọ fún un.

Ìdáhùn ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà nígbà tí mo fẹjọ́ sùn wọ́n ló bí mi nínú jù. Wọ́n ní ráídà ti dé, wọ́n ti rí i lórí máàpù. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé áàpù ti fa òbìrí kan yí ojú ibi tí a fi àmì sí ká. Fóònù ráídà ń sọ ibi tí ó wà bó ṣe ń rìn. Tó bá ti wọ inú òbìrí yẹn, aago ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí àmì bá ti wà níbi tí kò yẹ, ráídà lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, lójú wọn ó ti dé.

Mo wá fẹ́ gbé àmì náà síbi tó yẹ. Bí a ṣe ń ṣí ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù lórí Google Maps, mi ò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹni tó ń tajà lórí fóònù mọ̀ ọ́n. Ibi tí ìyà ti jẹ mí ni pé fóònù mi fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí mo wà. Mo jókòó sẹ́yìn káńtà, mo ní kó fi ibi tí mo wà hàn mí. Àmì búlúù kékeré yẹn lọ jókòó sí Ojúẹlẹ́gba. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Ojúẹlẹ́gba. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jà. Ẹnìkan ní kí n máa fi fóònù ya nọ́ńbà 8 nínú afẹ́fẹ́, mo yà á títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé kọ́ńpáàsì nìyẹn ń tún ṣe, ìyẹn ibi tí fóònù kọjú sí. Kò kan ibi tí fóònù wà rárá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fèyọ̀ ní Yunifásítì Èkó ló tú u. Ó wo ṣọ́ọ̀bù ká, ó ní, "Àǹtí, ta ló ní Wi-Fi tó lágbára yìí?" Ti aládùúgbò wa tó ń ta fóònù ni. Ojúẹlẹ́gba ló ti kó wá lọ́dún yìí, ó sì gbé ráútà tó ń gbé Wi-Fi rẹ̀ jáde dání. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé fún mi pé tí fóònù ò bá rí ojú ọ̀run, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ráútà Wi-Fi tó yí i ká ló máa ń fi mọ ibi tó wà, ráútà yẹn sì ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ bí ará Ojúẹlẹ́gba. Ó bá mi pa Wi-Fi, ó tún wọ ètò fóònù lọ pa wíwá tó ń wá Wi-Fi kiri lábẹ́lẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àmì náà kúrò ní Ojúẹlẹ́gba lóòótọ́, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èmi dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, àmì ń sáré láti ojúlé kan dé òmíràn, ó tún sọdá títì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní GPS tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà ní sátẹ́láìtì tí kò dín ní 24, nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè, fóònù sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn rédíò láti ọ̀dọ̀ mẹ́rin nínú wọn kó tó mọ ibi tó wà. Bí ohùn náà ṣe pẹ́ tó lọ́nà ló fi ń ṣírò bí sátẹ́láìtì ṣe jìnnà tó. Ohùn náà ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tó bá pẹ́ ní ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, mítà 300 ni àṣìṣe rẹ̀. Láàárín àwọn pláásà alájà mẹ́rin, márùn-ún, ohùn á kọ́kọ́ gbá ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wà lábẹ́ bíríìjì tí dáńfó fọn fèrè, tí kò mọ apá ibi tó ti ń bọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe dé ọ̀dọ̀ oníkòkò nìyẹn. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí lọ́dún méjì sẹ́yìn tí mo tẹ "ibí ni mo wà".

Àárọ̀ Sunday la lọ, nígbà tí ọjà dákẹ́. A fi áàpù tó ń ya ipa ẹsẹ̀ sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, rìn láti ojú títì títí dé ẹnu ọ̀nà mi, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbé fóònù sókè níwájú àyà. Nígbà tí a wo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ẹyọ kan. Bí a ṣe wọ ẹ̀gbẹ́ pláásà, wọ́n tú ká bí ìdí irun tí wọn ò dì. A wá gun òkè ilé, sí òkè ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Mo gbé fóònù kalẹ̀ lórí ògiri kúkurú tó wà létí òrùlé, mi ò fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ńbà àṣìṣe tó wà lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 30, ó ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, ó dúró sí 4. Mo pariwo.

Ibẹ̀ la gbé àmì sí. Google gbé e yẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó gbà á. Ti OpenStreetMap kò pẹ́. Láti 2004 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè fi kún un, a sì ya ojúlé tí mo wà síbẹ̀. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló wà níbẹ̀ yẹn.

Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, orí òkè ilé ni mi ò bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò bá má sì jókòó ti káńtà fi àmì sí ohunkóhun. Mi ò bá sì ti tètè tẹ plus code, ìyẹn àdírẹ́sì kúkurú tí wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kọ, sára rìsíìtì. Ti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìkẹjà, 6FR5 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ bá sì pé lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́wàá, ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi mítà 14 ní ìbú àti òró ló ń tọ́ka sí. Oníbàárà mi kan ní Agége ti fi rán ráídà wá láìpè mí rárá.

Wednesday tó kọjá, ráídà kan gun àtẹ̀gùn wá bá mi, fóònù lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Ó ní mo ti dé." Mo fún un ní omi tútù. Àmọ́ ₦7,000 mi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo ti ya fọ́tò ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ibi ìkòkò, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mejì.