Ibi tó yẹ kí ọjọ́ àpèjẹ ọdún wà
Ẹ̀yin ará àdúgbò, ọdún ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́ gbogbo ìkórajọ sí ibi àlàyé ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp, lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, dípò ká kàn máa fi í ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ yòókù. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ kò ṣe é tún kọ mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí ọjọ́ bá yí padà, ti àtijọ́ á ṣì wà lókè, ẹlòmíì á sì tẹ̀lé e. Kódà bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè, ọjọ́ 30 ló pẹ́ jù. Àlàyé ẹgbẹ́ kì í kúrò níbẹ̀, ó ṣe é tún ṣe nígbàkigbà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé náà á sì rí i. Ìlà kan tó: ọjọ́, aago, ilé ta ni, kí ni ká mú dání. Kí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kó tó mú ọjọ́, torí bí ilé méjì bá pe àpèjẹ lọ́jọ́ kan náà, inú ẹnì kan á bàjẹ́ dandan. Àmọ́ o, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí lórí WhatsApp, pàápàá àwọn bàbá àti ìyá wa tó ń dá gbé. Ẹ bá wọn kọ ọ́ sí bébà ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹni tó sún mọ́ wọn jù mú un lọ, kó sì kà á fún wọn.