Ìṣirò iná sólà fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ fi sólà ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, yálà ní Kàbà ni o, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, ìwé àti bírò ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí nǹkan inú ṣọ́ọ̀bù ń lò, lẹ kọ́kọ́ rà, tí ẹ wá ń wá ohun tó lè gbé, ẹ ó ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lo iná ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ara ṣájà rẹ̀, ẹ ó rí iye wáàtì níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fóòtì (V) àti ámpíà (A) nìkan ni wọ́n kọ, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀: ṣájà láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ 19V àti 3.42A sí, wáàtì 65 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye wákàtí tí nǹkan ọ̀hún fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, kí ẹ fi wákàtí náà sọ wáàtì di púpọ̀; wáàtì-wákàtí (Wh) ni wọ́n ń pe ohun tó bá jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Láptọ́ọ̀pù 60 wáàtì fún wákàtí 7 jẹ́ 420. Fáànù onídùúró 55 wáàtì fún wákàtí 7 jẹ́ 385. Gílóòbù LED mẹ́rin, 9 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 6 jẹ́ 216. Fóònù mẹ́wàá tí àwọn oníbàárà gbé wá ṣáàjì, bí 150. POS àti MiFi, 80. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo íńkì olómi, 15 wáàtì fún wákàtí 3, jẹ́ 45. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,296 lójúmọ́. Iná máa ń ṣòfò nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú inverter fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un: 1,620.

Ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-laser kò sí nínú ìṣirò yìí. Ohunkóhun tó bá ń mú ooru jáde, òun ló ń jẹ bátìrì run. Irin kan wà nínú ẹ̀rọ laser tó gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó lè yọ́ ẹ̀tù tónà mọ́ ìwé. Bí irin náà bá ń gbóná, ẹ̀rọ kékeré lè fa wáàtì 400 sí 900, èyí tó tóbi nínú wọn a sì fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inverter 1kVA kì í sábà gbé ju bí 800 wáàtì lọ. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń kú lójijì bí ẹ bá tẹ ìwé àkọ́kọ́, tí àwọn ènìyàn á sì máa sọ pé inverter kò dára. Ẹ̀rọ fọ́tókópì ńlá burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ lámínéètì náà ń lo bí 300, ayọ́ọ̀nù sì lè lo 1,000.

Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń tẹ̀wé, ẹ ra ẹ̀rọ oníńkì tó ní táǹkì fún iṣẹ́ àárọ̀ dé alẹ́. Laser àti fọ́tókópì, kí wọ́n dúró de iná AEDC (iléeṣẹ́ tó ń pín iná ìjọba) tàbí jẹnẹrétọ̀: ẹ kó iṣẹ́ wọn jọ, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà ọyẹ́, íńkì máa ń gbẹ sí ẹnu ihò tó ń gbà jáde. Ẹ máa tẹ ìwé aláwọ̀ kan ó kéré tán lọ́sẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí oníbàárà. Kọ̀ǹpútà onídùúró (desktop) náà ń jẹ iná ju láptọ́ọ̀pù lọ dáadáa, ẹ má lò ó lórí bátìrì bí ẹ bá lè yẹra fún un.

Ní ti páńẹ́ẹ̀lì, ẹ fi 4 pín 1,620, nítorí lásìkò òjò, ìwọ̀nba wákàtí mẹ́rin oòrùn tó múná ló bọ́gbọ́n mu láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ó jẹ́ wáàtì 405. Páńẹ́ẹ̀lì méjì oní-250 tàbí oní-300 tó. Ẹ kọjú wọn sí gúúsù, kí ẹ̀yìn wọn ga díẹ̀, ìwọ̀n 10 sí 15 lórí ohun ìwọ̀n igun, kí òjò lè fọ eruku dànù. Ẹ̀ka máńgòrò tàbí káṣú kan ṣoṣo tó bá ṣíji bo igun páńẹ́ẹ̀lì lè dín iná rẹ̀ kù ju bí òjìji náà ṣe tóbi mọ lọ. Ẹ gé e tàbí kí ẹ sún páńẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí wọ́n ń fi so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ MPPT sí, irú tó ń sọ fóòtì páńẹ́ẹ̀lì tó bá pọ̀ jù di ámpíà fún bátìrì. Páńẹ́ẹ̀lì 300 tó ń ṣiṣẹ́ ní bí 35 fóòtì, tí ẹ bá fi PWM, irú tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, so mọ́ bátìrì 12 fóòtì, bí 120 wáàtì ni ẹ ó rí. Ìyókù ti ṣòfò, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ti lọ. Ẹ wo Voc (fóòtì páńẹ́ẹ̀lì nígbà tí wọn kò tíì so nǹkan mọ́ ọn) lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ ju iye fóòtì tí wọ́n kọ sára MPPT.

Bátìrì tubular (irú olómi ásíìdì) 200Ah, ìyẹn ámpíà-wákàtí 200, oní-12 fóòtì ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú, ṣùgbọ́n ìdajì péré ni kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Lithium 100Ah oní-12 fóòtì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí ẹ lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Tubular ń mu omi: omi bátìrì tí wọ́n ń tà nìkan ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi inú ọ̀rá. Gáàsì rẹ̀ lè gbaná, nítorí náà ẹ má gbé e sí yàrá tí kò ní fèrèsé, ẹ má sì tan àtùpà nítòsí rẹ̀.

Inverter náà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ dàbí ti AEDC. Wáyà láti bátìrì dé inverter gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbà 25mm², kó má gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kí fìúsì 100A sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Bí wáyà bá tín-ín-rín, inverter á máa ké pé bátìrì ti tán nígbà tí bátìrì ṣì kún.

Kí ẹ tó san owó tó kù fún oníná, ẹ tan gbogbo nǹkan inú ìṣirò yín fún wákàtí kan. Ẹ fọwọ́ kan ara wáyà náà, kò gbọdọ̀ gbóná. Ẹ fi mítà wọn fóòtì lórí bátìrì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́nu inverter, níbi tí wáyà bátìrì ti wọ inú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 0.3 fóòtì lọ, wáyà kéré tàbí nọ́ọ̀tì kan kò le, ẹ ní kí ó tún un ṣe kó tó lọ.