Wọ́n Ní Mo Jí Iṣẹ́ Ara Mi

Owó ara mi, ₦5,000, ni mo fi ra wàhálà. Èmi ni mo kọ prójẹ́ẹ̀tì mi láti orí kìíní dé orí karùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ka wa yẹ̀ ẹ́ wò lórí Turnitin, ètò orí ayélujára tó ń wá ibi tí iṣẹ́ ẹni ti jọ tẹlòmíì, ìjọra 96% ló gbé jáde. Pupa fòò. Akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ jáde ò tilẹ̀ wojú mi.

Bí ìjọra bá ti lé ní 20%, ẹ̀ka wa ò ní gbà á. Ìdí nìyẹn tí gbogbo kíláàsì wa fi ń sáré lọ sí káfé ẹnu géètì kí wọ́n lè bá wa yẹ iṣẹ́ wò ṣáájú. Mo san ₦5,000 náà, tèmi gbé 17% jáde níbẹ̀, àwọ̀ ewé. Inú mi dùn, mo bíńdì, mo fi sílẹ̀.

Ohun tí oníkáfé ò sọ ni pé àkáǹtì tó ń lò máa ń kó iṣẹ́ ẹni sínú àká Turnitin. Tí iṣẹ́ bá ti wọ ibẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn náà ni yóò di olè. Ààyè wà tí wọ́n ti lè yàn pé kó má fi iṣẹ́ pamọ́. Kò yàn án.

Nígbà tí mo ṣí àbájáde, nọ́ńbà 1 kékeré ló wà létí gbogbo ojú ewé. Orísun kan ṣoṣo: iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì òkè òkun kan tí n kò dé rí. Wọ́n kun ojú ewé ìdúpẹ́ pàápàá ní pupa, níbi tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi tí wọ́n ta ẹ̀lùbọ́ kí n lè kàwé. Ẹ gbọ́, ọwọ́ ta ni mo ti jí màmá mi?

Sùpáfáísọ̀ mi gbà mí gbọ́, torí wọ́n ti ń ka iṣẹ́ náà bọ̀. Wọ́n béèrè lórí Turnitin pé àwọn fẹ́ rí iṣẹ́ tó jọ tèmi. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ni kíláàsì orí Turnitin tí wọ́n fi iṣẹ́ náà sí ní yunifásítì ọ̀hún ni irú ìbéèrè yẹn ń lọ. Kò fèsì. Mo padà sọ́dọ̀ oníkáfé pé kó bá mi pa á rẹ́. "Sísí, fọkàn ẹ balẹ̀, á kúrò fúnra ẹ̀." Irọ́! Olùkọ́ tó ni kíláàsì ló lè ní kí wọ́n yọ ọ́, alábòójútó ilé-ìwé yẹn ló sì máa fọwọ́ sí i. Oníkáfé ò mọ olùkọ́ kankan. Ọmọkùnrin kan lórí Telegram ló ta àkáǹtì fún un, onítọ̀hún náà ní òun rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Ẹ̀ka wa ní tiwọn ní kí n lọ tún iṣẹ́ kọ. Kí n tún kí ni kọ? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ya fọ́tò sign-out, èmi ń gbé fáìlì dúró lẹ́nu ọ́fíìsì HOD, olórí ẹ̀ka wa.

Ohun tó tú u sílẹ̀ ló wá bí mi nínú jù. Olùkọ́ tó ń wo àbájáde lè yọ orísun kan kúrò nínú ìṣirò. Kò gba ìṣẹ́jú kan! Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá. Mo tẹ gbogbo ímeèlì tí mo fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí sùpáfáísọ̀ jáde pẹ̀lú déètì wọn, àti ọ̀rọ̀ èmi àti oníkáfé lórí WhatsApp. Wọ́n yọ orísun 1, àwọn kéékèèké tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ bá yọjú, ó di 19%. Wọ́n ní kí Turnitin fo ìwé ìtọ́kasí, ó di 11%. Èyí tó kù? "This is to certify that" àti ìbéèrè ọjọ́ orí tó wà nínú questionnaire gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ n yangàn díẹ̀: 11%!

Àmọ́ nọ́ńbà là ń bẹ̀rù, a ò bẹ̀rù olè jíjà. Ẹnì kan nínú wa da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ títí "big data" fi di "colossal information". 6%, wọ́n gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Turnitin fúnra wọn sọ pé ìjọra ni àwọn ń fi hàn, pé èèyàn ló gbọ́dọ̀ kà á kó tó dájọ́. Ta ló ń kà á?

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ tiyín wò ṣáájú, sùpáfáísọ̀ yín ni kẹ́ ẹ bẹ̀. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ lọ sí káfé, ẹ dúró ti oníkáfé lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé ó yan "no repository", ìyẹn kó má fi iṣẹ́ pamọ́, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì pa ímeèlì kankan rẹ́ títí ẹ ó fi gba ìwé ẹ̀rí.